Òyìnbó wo òyìnbó: Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lójú ara wọn

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù nítorí pé ẹ kò ráyè wá, mo kí gbogbo yín.

Nílé wa níbí, òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́. Ẹni tó ti Chicago wá àti ẹni tó ti Berlin wá, orúkọ kan náà la fi ń pè wọ́n. Láàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ará Amẹ́ríkà ti mọ irú èèyàn tí ará Yúróòpù jẹ́ kó tó rí ẹyọ kan ṣoṣo: agbéraga, ọ̀lẹ, oníwáìnì, ẹni tó ń fi ilé àtijọ́ yangàn. Ará Yúróòpù náà ti mọ ará Amẹ́ríkà: aláriwo, olóúnjẹ rẹpẹtẹ, oníbọn, ẹni tí kò mọ ibi tí orílẹ̀-èdè kankan wà nínú àwòrán ayé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ibi tí èrò wọ̀nyí ti ń wá, àti ohun tó fà á tí ìrìn àjò kì í fi í sábà tún un ṣe.

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn kan náà ló tún ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ní tèmi, òwe kejì ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Ó ti tó igba ọdún tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń sọdá òkun lọ wo ara wọn, tí wọ́n ń fojú ara wọn rí i, tí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ sì ń bá wọn padà wálé láìyingin. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lọ wo ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹjọ́ kan wà nílé tí wọ́n ń bá ara wọn rò, ẹlẹ́rìí ni wọ́n wá lọ.

Ẹ wo Frances Trollope. Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1827, ó tẹ̀dó sí Cincinnati, ó kọ́ ilé ìtajà ńlá kan síbẹ̀. Ọjà kò tà. Gbèsè wọlé, àìsàn dé, ó di dandan kó padà. Ní 1832 ó tẹ ìwé jáde lórí ìwà àwọn ará Amẹ́ríkà, ìwé náà sì mú owó wọlé fún un ju ohunkóhun tó tà ní Cincinnati lọ. Kí ló kọ síbẹ̀? Ó ní wọ́n ń tutọ́ tábà sílẹ̀ káàkiri, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ sẹ́nu, ọmọ ọ̀dọ̀ kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ ọ̀dọ̀. Irọ́ kọ́ o. Ó rí wọn. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìwé náà jáde gan-an ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fa ìjàngbọ̀n lórí bóyá kí àwọn èèyàn púpọ̀ sí i ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ọdún 1832 yẹn náà ni òfin àtúnṣe ìdìbò wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù dìbò wá rí ìwé tó lè nà sókè níwájú gbogbo ayé: ẹ wo ohun tí ìjọba mẹ̀kúnnù ń sọ èèyàn dà! Itọ́ tábà ará Cincinnati di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí ará Cincinnati kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Alexis de Tocqueville tó ti ilẹ̀ Faransé dé Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún 1831 tilẹ̀ sọ tirẹ̀ jáde kedere. Ọmọ ọdún 25 ni. Ìjọba rán òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gustave de Beaumont láti lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà, wọ́n sì lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n ti bí i. Wọ́n ti bẹ́ orí baba ńlá rẹ̀ nígbà ìdìtẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ ìjọba mẹ̀kúnnù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún un. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé òun rí ohun tó ju Amẹ́ríkà lọ ní Amẹ́ríkà, pé àwòrán ìjọba mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀ lòun wá débẹ̀, kí òun lè mọ ohun tó yẹ kí ilẹ̀ Faransé bẹ̀rù àti ohun tó yẹ kí wọ́n máa retí. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi nítorí gbólóhùn yẹn. Ó sọ ẹjọ́ tó gbé dání kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí.

Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé Boston ní 1842, bí ọba ni wọ́n ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà ti ń tẹ ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìfún un ní kọ́bọ̀, nítorí òfin wọn kò dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè. Ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi àsè tí wọ́n ṣe fún un, ìwé ìròyìn wọn sì kọlù ú pé owó ló wá ń wá. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú: itọ́ tábà ní Washington (a tún ti dé ibẹ̀), ooru nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnu tí kò sinmi. Ó tún kọ nípa oko ẹrú àti nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Philadelphia, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rí tó wúlò títí dòní. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kó ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọ̀rọ̀ itọ́ sínú àpò kan náà, wọ́n ní ìbínú owó ìwé ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọ etí dídi sí i.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbẹ̀san ní tiwọn. Ní 1867, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Quaker City kó àwọn arìnrìn-àjò láti New York lọ sí Yúróòpù àti Ilẹ̀ Mímọ́, òǹkọ̀wé Mark Twain sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n dé Genoa ní Ítálì, afinimọ̀nà kan mú wọn lọ wo lẹ́tà tí Christopher Columbus fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ń gbọ̀n fún ìdùnnú, ó ń retí kí àwọn àlejò pariwo. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní ìkọ̀wé rẹ̀ burú, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ àwọn mọ̀ ọ́n kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún bi í pé, ọ̀gbẹ́ni Columbus yìí, ṣé ó ti kú? Àwọn tó kà á nílé rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn gba ìtìjú kan kúrò lára wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àwòrán àti ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń sọ pé a ò ní nǹkan kan. Twain sọ fún wọn pé wọ́n lè dìde dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé afinimọ̀nà ará Genoa yẹn kò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìjà ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìwé olówó pọ́ọ́kú dé, tí sinimá tẹ̀ lé e, kò tún sí dandan pé kéèyàn rìnrìn àjò kankan mọ́. Karl May, ará Jámánì tí wọ́n bí ní 1842, kọ ìtàn lórí ìtàn nípa Winnetou, olórí àwọn Apache, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Jámánì nínú aginjù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun gan-an ni ọ̀rẹ́ náà. Kò tíì débẹ̀ rí. Ọdún 1908, nígbà tó ti di àgbàlagbà, ló tó fẹsẹ̀ kan Amẹ́ríkà, kò sì dé ìwọ̀ oòrùn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ kiri. Síbẹ̀, títí di òní, ní Bad Segeberg ní àríwá Jámánì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe eré àwọn ìtàn yẹn ní ìta gbangba láti 1952, pẹ̀lú ẹṣin àti ìbọn. Ìran mélòó ló ti dàgbà níbẹ̀ tó gbà pé òun mọ Apache! Ọ̀rẹ́ rere ni ọmọ Jámánì nínú ìtàn yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà oníwọra ni wọ́n ń pa ọmọ onílẹ̀. Ìtàn tó dùn mọ́ ará Jámánì nínú nìyẹn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Dallas, nítorí àwọn àgbà kan nínú yín á rántí orúkọ náà. Eré tẹlifíṣọ̀n nípa ìdílé olówó epo kan ní Texas ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ní 1980, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún J.R., ọmọ burúkú inú ìdílé náà, gbogbo Yúróòpù ló ń béèrè ẹni tó yìn ín. Àwọn olóṣèlú bínú. Jack Lang, mínísítà àṣà ilẹ̀ Faransé, dìde níbi ìpàdé UNESCO ní Mexico City ní 1982, ó sọ̀rọ̀ líle nípa bí owó ńlá ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń gba ọkàn àwọn èèyàn, Dallas sì di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ewu yẹn. Lákòókò kan náà, onímọ̀ kan ní Nẹ́dálándì, Ien Ang, fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin: òun fẹ́ràn eré náà, ó sì ń yà òun lẹ́nu, kí àwọn òǹkàwé kọ̀wé sóun nípa tiwọn. Lẹ́tà 42 ló gbà. Ó ka wọ́n fínnífínní. Àwọn tó kórìíra eré náà ló ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà: ìdọ̀tí Amẹ́ríkà, owó Amẹ́ríkà. Ní ti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó wọ̀ wọ́n lára ni ọmọ ìyá méjì tó ń jà, ìyàwó tí ọkọ ń dalẹ̀ rẹ̀, ìyá tó ń fẹ́ kí ilé tòrò tí kò rí i ṣe. Wọ́n ń sunkún nítorí ìdílé tiwọn. Mínísítà ń wo Amẹ́ríkà. Obìnrin tó jókòó sílé ní Nẹ́dálándì ń wo ìyàwó tí ọkọ ń fìyà jẹ. Mo rò pé obìnrin yẹn ló ríran jù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Láti 1971 ni tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn ti ń gbé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn olúwa àti ìránṣẹ́, ilé ńlá lórí òkè. Ẹni tó bá fi èyí mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé kò sí ẹni tó ń gbé Birmingham.

Birmingham gan-an ni mo sì ń bọ̀ wá sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn oníwèé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, Fox News ní Amẹ́ríkà pe ẹnìkan wá gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ nípa ìpániláyà. Ó ní Birmingham ti di ìlú Mùsùlùmí pátápátá, pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í débẹ̀. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ! Ìkànìyàn 2011 ti fi hàn pé Mùsùlùmí ibẹ̀ kò ju nǹkan bí èèyàn 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó jókòó ní yàrá tẹlifíṣọ̀n yẹn tó dá a dúró. David Cameron, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ògì ọkà òwúrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há òun lọ́fun nígbà tí òun gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, tẹlifíṣọ̀n náà tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí wọ́n tún ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa àdúgbò kan àti òmíràn ní Paris. Àwa tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé agboolé kan náà, tí a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tí a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, a mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe léwu tó. Ṣùgbọ́n kí ni Birmingham fi kan ará Amẹ́ríkà tó ń wo tẹlifíṣọ̀n? Ẹjọ́ tó wà nílé wọn ni ọ̀rọ̀ àjèjì: ta ni ká jẹ́ kó wọlé, ta ni ká lé. Wọ́n nílò ìlú kan tó ti bàjẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Birmingham sí i.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà lórí ètò ìlera tí Obama gbé kalẹ̀, ìwé ìròyìn òwò kan níbẹ̀ kọ ọ́ pé bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Hawking bá jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ètò ìlera wọn ì bá ti fi í sílẹ̀ kó kú nítorí àìsàn rẹ̀. Oxford ni wọ́n bí Hawking sí, Cambridge ló ń gbé nígbà náà. Ó dáhùn pé láìsí ètò ìlera yẹn òun kì bá wà láàyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, olóṣèlú tó bá fẹ́ dẹ́rù ba àwọn olùdìbò kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe: á ní ẹnì kejì fẹ́ sọ ilé ìwòsàn wa di ti Amẹ́ríkà. Ó tó. Kò sí ẹni tó ń béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Fergus Falls. Ìlú kékeré ni ní Minnesota, èèyàn ibẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìdìbò 2016, Der Spiegel, ìwé ìròyìn ńlá Jámánì, rán akọ̀ròyìn wọn Claas Relotius lọ síbẹ̀ kó lọ gbé láàárín àwọn tó dìbò fún Trump, kó sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ rere nìyẹn, ohun tó yẹ kí akọ̀ròyìn ṣe gan-an. Ìròyìn náà jáde ní 2017. Ó kọ ọ́ pé pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú tó ní kí àwọn ará Mẹ́síkò má wọlé. Kò sí pátákó bẹ́ẹ̀. Ó ní igbó dúdú kan yí ìlú náà ká bí ibùgbé ẹranko inú àlọ́. Pápá gbalasa ló wà níbẹ̀. Ó ní alákòóso ìlú ń gbé ìbọn lọ síbi iṣẹ́, kò rí òkun rí, kò ní obìnrin rí. Ọkùnrin náà kì í gbé ìbọn lọ síbi iṣẹ́, ó ti rí òkun, ó sì ní olólùfẹ́. Ó ní ilé sinimá wọn ṣì ń fi fíìmù ogun kan hàn lẹ́yìn ọdún méjì tó jáde, tí èrò sì ń wọ́ lọ wò ó. Irọ́ gbuu.

Ará ìlú méjì mú ìwé ìròyìn náà, wọ́n ní kí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí dà, èyí dà? Wọ́n lé ní ọdún kan lórí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2018, nígbà tí Juan Moreno, akẹgbẹ́ Relotius, ti tú àṣírí rẹ̀ lórí ìròyìn mìíràn, Der Spiegel jẹ́wọ́ pé ó ti ń hùmọ̀ ìròyìn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ará Fergus Falls náà sì gbé tiwọn jáde. Ìwé ìròyìn yẹn ní ẹ̀ka ńlá tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ òótọ́ wò. Báwo ni pátákó ẹnu ọ̀nà ìlú ṣe kọjá lójú wọn? Ṣebí ẹnikẹ́ni lè tẹ ìlú náà láago. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ láago nítorí pé ohun tí wọ́n ń retí ni wọ́n kà. Ní Hamburg, níbi tí ilé iṣẹ́ Der Spiegel wà, gbogbo wọn ti mọ̀ pé báyìí ni irú ìlú yẹn yóò ṣe rí. Ilé iṣẹ́ Pew tó máa ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ káàkiri ayé ti rí i pé èèyàn 86 nínú ọgọ́rùn-ún ní Jámánì ló fọkàn tán Obama ní 2016. Ní 2017, àwọn tó fọkàn tán Trump kò ju 11. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ tó bá afẹ́fẹ́ mu kò nílò ìwé àṣẹ.

Ohun tí mo ń rò nígbà gbogbo ni pé ọkùnrin yìí débẹ̀. Ó sùn níbẹ̀, ó jẹun níbẹ̀, àwọn èèyàn gbà á lálejò, wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Der Spiegel rán akọ̀ròyìn mìíràn lọ láti Washington, ó lọ jókòó ti àwọn ará ìlú, ó kọ bí wọ́n ṣe rí. Àwọn èèyàn bíi tiyín àti tèmi ni: àwọn kan dìbò fún Trump, àwọn kan kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kí ara wọn lọ́jà. Ìròyìn kejì yìí kò gba ẹ̀bùn kankan tí mo gbọ́.

Ẹ lè wá bi mí pé ṣé ìrìn àjò kò wúlò nígbà náà. Ó wúlò fún nǹkan kéékèèké, mi ò sì fojú kéré wọn. Ará Jámánì tó dé Amẹ́ríkà yóò mú ọjà tí wọ́n kọ dọ́là mẹ́wàá sí lára, wọn yóò ní kó san ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí owó orí ọjà kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ. Yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ní ilé oúnjẹ, agbáwo yóò rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọ ìyá, yóò bi í bí ara ṣe rí, yóò sì retí owó lé owó oúnjẹ lórí, bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé inú ìyẹn gan-an ni èyí tó pọ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ará Jámánì á ní ẹ̀tàn ni ẹ̀rín wọn. Ará Amẹ́ríkà tó lọ sí Munich yóò bá ilé ìtajà ní títì lọ́jọ́ Àìkú, yóò san owó kó tó tọ̀, agbáwo kò ní rẹ́rìn-ín sí i. Á ní inú wọn kò dùn sí àlejò. Bẹ́ẹ̀ owó oṣù agbáwo yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ni. Ti bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tún wà níbẹ̀: Texas nìkan tóbi ju ilẹ̀ Faransé lọ, ará Yúróòpù a sì máa rò pé òun lè jẹun àárọ̀ ní New York kí òun fi mọ́tò dé Florida lálẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti kọ́ àwọn èèyàn wọn ní èyí kí wọ́n tó lọ. Ní 1942, wọ́n tẹ ìwé kékeré fún àwọn sójà tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi owó yangàn, pé ẹni tó dákẹ́ nínú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá, pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò mọ kọfí ṣe, ẹ̀yin náà kò sì mọ tíì ṣe, ẹ ti jọ pàdé. Ìwé ọlọ́gbọ́n ni. Ó fẹ́ kí sójà wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tó wà ní Houston ti jogún ẹjọ́ yìí náà. Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìnáwó. Ti Lọ́ńdọ̀nù á ní òun kò lè gbé níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn nílé ìwé. Ti Houston á ní òun kò lè gbé nínú ilé tí kò tó gáréèjì òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà parí rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ ilé ti wúwo jù. Ní 1918, àwọn sójà aláwọ̀ dúdú láti New York, ẹgbẹ́ ogun 369, jà lábẹ́ àwọn ọ̀gágun Faransé nítorí pé àwọn funfun ilẹ̀ wọn kò fẹ́ bá wọn jà pọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lẹ́tà àṣírí kan jáde fún àwọn ọ̀gá sójà Faransé, tí ń sọ èrò Amẹ́ríkà fún wọn: kí wọ́n má bá aláwọ̀ dúdú jẹun, kí wọ́n má bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n má yìn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ níwájú àwọn funfun. W.E.B. Du Bois, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tẹ lẹ́tà náà síta ní 1919. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Faransé ti fi oyè ogun dá àwọn sójà wọ̀nyẹn lọ́lá. Ẹ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí nígbà tí wọ́n dé Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Ní 1925 Josephine Baker, oníjó àti akọrin aláwọ̀ dúdú, ti St. Louis ní Amẹ́ríkà, dé Paris, ó di olókìkí, ó sì gbà láti jẹ́ ọmọ Faransé ní 1937. Lójú aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, Paris ni ẹ̀rí pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilé wọn kì í ṣe àyànmọ́. Wọ́n nílò ẹ̀rí yẹn, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi láé.

James Baldwin, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Harlem, lọ síbẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú ogójì dọ́là lápò. Ní oṣù kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e, ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì tó ti kó jáde, Baldwin sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ nítorí pé tirẹ̀ dọ̀tí. Ọlọ́pàá dé. Wọ́n kó àwọn méjèèjì. Wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n Fresnes. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wọn dé ilé ẹjọ́, kò sí ògbufọ̀, wọ́n ní kí wọ́n padà. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti ṣe Kérésì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 27, ìtàn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì pa àwọn tó wà ní kóòtù lẹ́rìn-ín, adájọ́ sì tú wọn sílẹ̀. Baldwin kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín àwọn tí ìyà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn ni, ó ti gbọ́ ọ nílé títí ó fi sú u, ó sì rò pé òun ti sá fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ará Àlùjéríà tí wọ́n wà ní Paris láti ìgbà tó ti dé, àwọn tí ọlọ́pàá ń gbá mú lójú pópó. Èdè Faransé tó fi ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kò dára tó tiwọn, síbẹ̀ ìwà tí wọ́n ń hù sí i sàn ju èyí tí wọ́n ń hù sí wọn lọ, nítorí pé ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà wà lápò rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Faransé ń wò tó bá wo òun. Kò tìtorí ìyẹn pariwo pé Paris kò yàtọ̀ sí Harlem. Ó mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ní 1957 ó padà sílé, ó lọ sí gúúsù Amẹ́ríkà láti fojú ara rẹ̀ wo bí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe ń wọ ilé ìwé tí wọ́n ń fi òkúta lé wọn kúrò. Láti 1970 ó tẹ̀dó sí Saint-Paul-de-Vence ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀wé nípa Amẹ́ríkà, àti nípa ohun tí ilẹ̀ Faransé ṣe fún àwọn ará Àlùjéríà, títí ó fi kú níbẹ̀ ní 1987.